Ẹnubodè Ọ̀run Kò Ní Owó Ìwọlé

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ìròyìn kan jáde láti Òmùò-Èkìtì, ìlú tí àwa ará ìhà Ààyè-Èkìtì ń gba Ìkọ̀lé kọjá kí a tó dé. Wọ́n ní pásítọ̀ kan kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kúrò ní Kàdúná wá sí àgọ́ kan níbẹ̀, ó sì ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn wá ₦310,000 sílẹ̀ kí ó lè rí ẹnubodè ọ̀run wọ̀ nígbà ìgbàsókè. Ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè é. Àwọn èèyàn fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín lórí rédíò, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù, wọ́n sì gbàgbé. Nígbà tí oṣù keje ọdún yẹn wọlé, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Òǹdó kó èèyàn 77 jáde láti inú ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò Valentino nílùú Òǹdó: ọmọdé 26, ọ̀dọ́ 8, àgbàlagbà 43. Ìgbàsókè làwọn náà ń dúró dè. Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún wọn pé oṣù kẹrin ni; nígbà tí oṣù kẹrin kọjá tí ẹnikẹ́ni ò fò, wọ́n sún un sí oṣù kẹsàn-án.

Orí àwọn pásítọ̀ ni gbogbo èébú lọ. Mi ò ní kí ẹ má bú wọn. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà 43 ló wà nínú ilé yẹn, àgbàlagbà tí ẹnikẹ́ni ò lè fi náírà mẹ́wàá rẹ́ jẹ lọ́jà. Àwọn ni mo fẹ́ bá wí, àwọn àti gbogbo àwa tí a jọ wọ́n tí ọlọ́pàá ò tíì wá kó.

Bíbélì tó wà nínú ilé wa ti dá àwọn oníṣirò ìgbàsókè lóhùn tipẹ́. Jésù fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nínú Mátíù orí 24 ẹsẹ 36 pé ọjọ́ náà, àwọn áńgẹ́lì pàápàá ò mọ̀ ọ́n, ká má tíì wá sọ pásítọ̀. Ní ti owó, Símónì onídán gbé owó lọ bá Pétérù ní Samáríà kí ó lè ra agbára Ẹ̀mí. Pétérù fi òun àti owó rẹ̀ gégùn-ún pọ̀. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 8 nìyẹn. Ẹni tó bá ti ka ibi méjèèjì yìí tó sì yé e, ta ni yóò gba owó ẹnubodè lọ́wọ́ rẹ̀?

Nítorí náà, Onígbàgbọ́ tó mọ̀wé kà, tó ní Bíbélì nílé, tí kò sì kọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má pè é ní aláìlera nínú ìgbàgbọ́. Ó jẹ̀bi. Ó jẹ̀bi ara rẹ̀, ó sì jẹ̀bi àwọn ọmọdé tó fà lọ́wọ́ wọ irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ìhà Ààyè-Èkìtì wa níbí, láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ìṣọ́ òru kún àkúnya. Àga ò tó, wọ́n tẹ́ ẹní síta, ọlọ́kadà ò ráyè kọjá. Ẹ padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún ẹ̀kọ́ Bíbélì: ìyàwó pásítọ̀, akọ̀wé ìjọ, ìyá arúgbó méjì tó ti dé láti agogo mẹ́rin, àti ọmọkùnrin onílù tó wá gba kọ́kọ́rọ́. Olùkọ́ ní kí wọ́n ṣí ìwé Hábákúkù. Akọ̀wé ìjọ, ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé fún wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ń wá a láàárín Títù àti Fílémónì.

Kò rí báyìí nígbà tí ẹ̀sìn yìí wọ Èkìtì. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀pọ̀ ìlú wa. Àwọn ọmọ wa tí ogun kó lẹ́rú lọ sí Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó ni wọ́n gbà á lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì gbé e bọ̀ wálé nígbà tí ogun Kírìjì rọlẹ̀. Ìwé ABD wà nínú ẹrù wọn. Lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹni tó bá fẹ́ ṣèrìbọmi, kíláàsì ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Àgbẹ̀ tó ti bímọ mẹ́fà yóò jókòó ti ọmọ rẹ̀, yóò máa pe A, B, D. Ẹni tí ojú rẹ̀ ò gba ìwé mọ́ yóò kọ́ Katikísìmù sórí. Bí kò bá yé ọ, o ò tíì ṣèrìbọmi nìyẹn. Bíbélì Yorùbá náà ò sì já bọ́ látọ̀run. Àjàyí Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ jìjàdù rẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé Róòmù jáde ní 1850. Odindi Bíbélì ò sì jáde títí di 1884, nígbà tí àwọn bàbá wa ṣì wà ní bùdó Kírìjì pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọdún 34 láàárín ìwé kan àti odindi. Lónìí, ọ̀fẹ́ ló wà lórí fóònù, ohun tí a sì ń lo èyí tí a tẹ̀ síwèé fún jù ni pé kí a gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí ọmọ tuntun.

Ojú máa ń tì mí bí mo bá wo àwọn tí a ń pè ní kèfèrí. Ẹni tó fẹ́ di babaláwo, ọdún gbọọrọ ni yóò fi jókòó ti ọ̀gá rẹ̀. Odù 256 ló wà níwájú rẹ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹsẹ tirẹ̀, agbárí ló sì ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Bó bá ki ẹsẹ Ọ̀yẹ̀kú mọ́ Ogbè, àwọn àgbà awo yóò dá a dúró lójú agbo. Àwọn ọmọ Mùsùlùmí ń gbé wàláà lọ ilé kéú láti kékeré. Àwa tí a ń wàásù fún àwọn méjèèjì pé kí wọ́n jáde wá sínú ìmọ́lẹ̀, ta ló ń dá wòlíì wa dúró nígbà tó bá ṣi ẹsẹ kà?

Ẹ mú Sáàmù 35. Ó wà lára àwọn sáàmù tí wọ́n ń pín fún èèyàn bí egbòogi: kà á láàárín òru, tan àbẹ́là, gbé omi síwájú, ọ̀tá rẹ á ṣubú. Àwọn kan tiẹ̀ lè kà á láìwo ìwé. Ẹ ní kí wọ́n dúró ní ẹsẹ 13. Níbẹ̀ ni Dáfídì ti ní nígbà tí àwọn ọ̀tá yìí gan-an ń ṣàìsàn, aṣọ ọ̀fọ̀ lòun wọ̀, òun sì gbààwẹ̀ nítorí wọn. Nínú gbogbo àwọn tó ń fi sáàmù yìí lé ìyá ọkọ àti orogún kiri, èwo ló ti gbààwẹ̀ fún ìyá náà rí nígbà tó dùbúlẹ̀ ní ọsibítù Ìdó?

Tàbí ẹsẹ kọkànlá Jeremáyà 29, èyí tí a ń kọ sára kàlẹ́ńdà àti gíláàsì ẹ̀yìn mọ́tò, tí wòlíì fi ń ṣèlérí ìyanu ọ̀sẹ̀ yìí. Lẹ́tà ni orí náà. Jeremáyà kọ ọ́ sí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì. Ó ní kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, kí wọ́n dáko, kí wọ́n fẹ́yàwó, nítorí wọn ò ní tètè bọ̀. Ní ẹsẹ 8 àti 9, ó ní kí wọ́n má gbọ́ ti àwọn wòlíì tó wà láàárín wọn tó ń tàn wọ́n. Ní ẹsẹ 10, ó ní àádọ́rin ọdún ni wọn yóò lò. Ìgbà yẹn ni ẹsẹ 11 tó dé. Ẹ̀yin ẹ wò ó: ìlérí tí wòlíì fi ń gba owó lọ́wọ́ yín, ìkìlọ̀ nípa wòlíì ló ṣáájú rẹ̀, àádọ́rin ọdún ló sì wà láàárín wọn.

Bí ẹnì kan bá wá lanu pé èyí ò tọ̀nà, wọ́n á mú ẹsẹ tó ní kí a má fọwọ́ kan ẹni-òróró Ọlọ́run jáde nínú Sáàmù 105, wọ́n á fi dí i lẹ́nu. Gbogbo wa la mọ ẹsẹ náà. Mélòó nínú wa ló ti ka èyí tó wà lókè rẹ̀? Ábúráhámù, Ísáákì àti Jékọ́bù ni sáàmù yẹn ń sọ̀rọ̀ wọn, nígbà tí wọn ò ju ìwọ̀nba lọ, tí wọn ò nílẹ̀, tí wọ́n ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ọba ni Ọlọ́run kìlọ̀ fún nítorí wọn. Àlejò tí kò lágbára ni ẹni-òróró ibẹ̀. Alágbára ni Ọlọ́run ń bá wí. A wá dojú ọ̀rọ̀ rú: ẹni tó ń gun jíìpù ti di ẹni-òróró, opó tó bi í pé níbo lowó ìjọ wà ni a ń fi ègún halẹ̀ mọ́. Ti Málákì orí 3 àti ìdámẹ́wàá, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ẹ ka orí 1 àti 2, kí ẹ wo ẹni tí ìwé náà ń bá jà. Àwọn àlùfáà ni.

Mo mọ ohun tí wọn yóò fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní Pọ́ọ̀lù ló sọ pé ìwé a máa pani. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ò ka ẹsẹ tó tẹ̀ lé e, nítorí ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé pé òfin tí a gbẹ́ sára òkúta lòun ń wí. Pọ́ọ̀lù tiwọn yìí, ẹsẹ̀ Gàmálíẹ́lì ló ti kàwé. Nígbà tó wà lẹ́wọ̀n tí òtútù ń bọ̀, ó kọ̀wé sí Tímótì pé kó bá òun mú aṣọ òtútù bọ̀, àti àwọn ìwé, pàápàá jù lọ àwọn ìwé awọ. Ẹni tó mọ̀ pé ikú ti dé tán ṣì ń béèrè ìwé. Àwa tí a ní ìlera, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ò rọ̀ wá lọ́rùn.

Wọ́n á tún ní Bàbá Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC, ò lọ yunifásítì. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà ló ń wà nígbà tó gba ìpè ní 1928, ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, ní 1930 sì mi gbogbo Èkìtì tìtì, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pàápàá. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí àdúrà bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n ìjọ CAC tó bá a rìn ò jókòó sórí òkè. Ilé-ìwé ni wọ́n ń dá sílẹ̀ káàkiri, títí kan yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ní Ìkéjì-Arákejì ní 2006. Ariwo nìkan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi orúkọ rẹ̀ búra jogún.

Ẹlòmíì á ní iṣẹ́ pásítọ̀ ni láti mọ Bíbélì, tòun ni kóun gbọ́. Àwọn ará Bèróà gbọ́ Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, wọ́n sì tún ń lọ yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá òótọ́ ló sọ. Wọ́n yìn wọ́n fún un ni. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n lọ́lọ̀tẹ̀. Lóde òní, ìjọ Deeper Life bẹ̀rẹ̀ ní 1973 pẹ̀lú èèyàn 15 tó ń kọ́ Bíbélì lọ́dọ̀ Kumuyi, olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó nígbà náà. Èmi náà ní awuyewuye tèmi pẹ̀lú wọn, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ìmúra, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ajé ló kọ́ ìjọ yẹn.

Àwọn ìyá wa tí kò mọ̀wé kà kọ́ ni mò ń bá jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ Bíbélì ju ọmọ wọn lọ nítorí wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń bi ni, wọ́n sì ń rántí. Àwọn ọmọ náà ni mò ń wí. Láti 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, tó tún ní ọgbà ní Ìkọ̀lé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lè fi òru márùn-ún ka ìwé ìdánwò, tó ń bi olùkọ́ rẹ̀ pé níbo lo ti rí èyí, ọmọ yẹn kan náà ni yóò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò pa làákàyè rẹ̀ dé bí ẹni pa fóònù, tí yóò máa ṣe àmín sí ohunkóhun.

Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Kí ìjọ kankan ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó tàbí ibikíbi lágbègbè wa má fi ẹnikẹ́ni jẹ alàgbà, díákónì, bàbá ìjọ tàbí ìyá ìjọ bí kò bá lè ro Ìhìnrere Máàkù fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí 16 péré ni, ìrọ̀lẹ́ kan tó o láti kà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oyè ni yóò ṣófo, nítorí owó la fi gba púpọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n ṣófo. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan yọ ìṣọ́ òru kan lóṣù, kí wọ́n fi wákàtí rẹ̀ kọ́ Bíbélì, kí ọmọ ìjọ lè nawọ́ kó béèrè ọ̀rọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní ẹlẹ́mìí ìṣọ̀tẹ̀.

Kí ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí sì ṣe tiyín. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, bí wọ́n bá ka ẹsẹ kan ṣoṣo tí wọ́n sì pa ìwé dé, ẹ má pa tiyín dé. Ẹ ka ẹsẹ mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀ àti mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e níbi tí ẹ jókòó sí. Bí ohun tí ẹ bá níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n wàásù, ẹ dúró lẹ́yìn ìsìn, ẹ kúnlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ kúnlẹ̀, kí ẹ bi pásítọ̀ yín pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni wọ́n kọ ẹsẹ yìí sí?" Bó bá ṣàlàyé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fi ègún dá yín lóhùn, ẹ kó àwọn ọmọ yín, kí ẹ wá ìjọ mìíràn.