Ṣé Ẹni Tó Rìn Dé Béèsì Ló Ń Dí Ọ̀nà?

Ẹjọ́ kan ń bẹ ní Amẹ́ríkà tí ẹnu kò tíì kò lé lórí láti ọdún 2004. Ẹ jẹ́ ká jọ dá a, torí ọ̀rọ̀ èrè kékeré àti ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Eré béésíbọ́ọ̀lù ló fà á. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, onígi á fi igi gbá a, á sì sáré yí béèsì mẹ́rin ká. Bó bá délé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jẹ kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù mẹ́rin tí kò dáa sí onígi, tí kò sì dá wọn lóhùn, wọ́n á ní kó máa rìn lọ sí béèsì kìíní lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní wọ́ọ̀kì.

Dusty Baker, tó jẹ́ máníjà Chicago Cubs nígbà náà, ní wọ́n ń gbé wọ́ọ̀kì gẹ̀gẹ̀ jù. Ó ní bí ẹni tí kò lè sáré bá rìn débẹ̀, ńṣe ló ń dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó lè sáré.

Ẹ má tíì bú bàbá o. Sáà 19 lòun náà fi gbá eré yìí. Òótọ́ sì ni pé ẹlẹ́sẹ̀ wúwo a máa dá ẹni ẹ̀yìn dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò owó. Bí wọ́n bá ti mú èèyàn 27 jáde nínú ẹgbẹ́ kan, eré ti tán fún wọn. Ẹni tó rìn, wọn ò mú un jáde, ó sì ti mú kó rẹ ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Ìyá ọlọ́jà wo ló máa kọ èrè kékeré tó dájú, torí pé ńlá ló ń retí?

Bàbá fúnra rẹ̀ jẹ nínú èrè yẹn. Ní 2002, abẹ́ rẹ̀ ní San Francisco ni Barry Bonds wà tó fi rìn nígbà 198. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n dé World Series! Ta ló dí ọ̀nà nígbà náà? Ní 2006, Cubs ló rìn kéré jù nínú National League. Eré 96 ni wọ́n pàdánù nínú 162.

Ti àwọn ọmọdé ńkọ́? Wọ́n ní bàbá fẹ́ràn ọwọ́ àtijọ́ jù. Ní 2023, ní Houston, Martín Maldonado tó ti lé ní 35 ló sábà máa ń fi sẹ́yìn onígi láti gba bọ́ọ̀lù, torí ó mọ bí wọ́n ṣe ń darí àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù. Yainer Diaz, ọmọ ọdún 24, ń dúró. Síbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹtalélógún lọmọ yìí gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi lọ́dún náà.

Àmọ́ ní 2022 ńkọ́? Bàbá yìí kan náà ló fi Jeremy Peña sójú eré, lọ́dún tó kọ́kọ́ dé. Wọ́n gba World Series, Peña ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn ẹni tó ta yọ jù. Bàbá ti pé ẹni ọdún 73, ife ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tó gbà gẹ́gẹ́ bíi máníjà nìyẹn. Ṣé ẹ rí i? Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ìdájọ́ tèmi rèé: lórí wọ́ọ̀kì, bàbá jẹ̀bi. Lórí ọmọdé, iṣẹ́ tó fún Peña dá a láre, èyí tó fi du Diaz dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́ tí ẹ ò jẹ́ kó fọwọ́ kan irinṣẹ́, ọjọ́ wo ló máa mọ̀ ọ́n lò? Bẹ́ ẹ bá rò pé mo ṣègbè, ẹ kọ lẹ́tà sí mi, ẹ má ṣojú àánú.