Ẹni tó ń pààrọ̀ ọjà, kó má pààrọ̀ irinṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà

Nígbà tí Jorge Prado, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà fún ọdún 2025, adé àgbáyé mẹ́rin ló ti gbà nínú eré alùpùpù orí erùpẹ̀ tí wọ́n ń pè ní motocross. Ó gba méjì lórí ẹ̀rọ kékeré ní 2018 àti 2019, ó sì tún gba méjì lórí ẹ̀rọ ńlá ní 2023 àti 2024. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé bó bá dé ibẹ̀, yóò kàn máa kó ẹ̀bùn wọn ni. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún náà parí láìsí adé kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ilé iṣẹ́ Kawasaki tó gbà á wọlé sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan péré, ó padà sọ́dọ̀ KTM tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ló kan ẹni tó ń ta aṣọ tàbí ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì nínú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi alùpùpù fò lórí òkìtì. Ó kàn án gan-an ni. Ẹni tó ń fi eré yìí jẹun kò yàtọ̀ sí oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ní iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ní irinṣẹ́, ó ní àwọn tó ń sanwó fún un, ó sì ní ọjà tó ti ń tà. Bí owó bá pọ̀ jù ní ọjà kejì, ọkàn rẹ̀ yóò fà síbẹ̀. Owó tí ẹni tó mókè nínú eré náà ń rí ní Amẹ́ríkà sì ju ti Yúróòpù lọ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Yúróòpù fi ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Àmọ́ orúkọ ni ọjà méjèèjì fi jọra, wọn kò fi ìwà jọra. Ìdíje àgbáyé, tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń wáyé ní Yúróòpù, orí ilẹ̀ gbalasa àti orí òkè ni wọ́n ti ń sá a. Ní Lommel, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, iyanrìn ni gbogbo ilẹ̀, bí etí òkun. Níbòmíràn, ilẹ̀ le bí àpáta. Eré méjì ni wọ́n ń sá fún ẹ̀bùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 30 ìṣẹ́jú àti ìyípo méjì lé e. Bí eré bá ṣe ń lọ ni táyà àwọn alùpùpù ń gbẹ́ ilẹ̀, títí tí ipa wọn yóò fi jìn bíi gọ́tà. Ọ̀nà tó dára ní ìyípo kìíní lè ti di kòtò kó tó di ìkẹwàá. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ í kà. Kò gbọdọ̀ lo gbogbo agbára rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá dé inú iyanrìn, yóò fara sẹ́yìn kí táyà iwájú má baà rì, kò sì ní jẹ́ kí eré rẹ̀ já.

Ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Láti oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún ọdún, inú pápá ìṣeré ńláńlá ni wọ́n ti ń sá èyí tí wọ́n ń pè ní supercross, ìdíje 17 ní ìlú oríṣiríṣi. Ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ń kó erùpẹ̀ wọ inú pápá, wọn yóò wá mọ ọ́n ní òkìtì òkìtì. Ibì kan wà tí wọ́n máa ń to erùpẹ̀ tẹ̀ léra bí ebè iṣu. Ẹni tó ń gun alùpùpù níbẹ̀ kò gbọdọ̀ bọ́ sí àárín ebè méjì. Orí ebè nìkan ni táyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kàn, ó sì gbọ́dọ̀ wà ní òró, kó fi orúnkún di ẹ̀rọ mú. Ibòmíràn jẹ́ òkìtì mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí kò bá sì débẹ̀ dáadáa, ilé ìwòsàn ló kù. Ìyípo kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lọ. Sùúrù kò rí àyè níbẹ̀, torí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣòro láti lé bá. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀rọ pàápàá, wọ́n gbọ́dọ̀ mú un le ju ti ìta gbangba lọ. Ẹni tó bá gbé ṣọ́ọ̀kì inú pápá lọ sínú iyanrìn, apá rẹ̀ yóò kú kí ìṣẹ́jú 30 tó pé.

Ó dà bíi télọ̀ tó ti ń rán aṣọ ìyàwó láti ọjọ́ tó ti gba òmìnira, tó wá gba iṣẹ́ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ kan náà ni, òwú kan náà ni, ṣùgbọ́n ìṣesí ọwọ́ tó sọ ọ́ di ọ̀gá nídìí aṣọ ìyàwó gan-an lè mú kó pa oníbàárà tuntun yìí lẹ́kún.

Jean-Michel Bayle ni ẹni tó yẹ kí oníṣòwò wò dáadáa. Ọmọ Manosque ni, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ọdún 1969 ni wọ́n bí i. Ó gba adé àgbáyé lórí ẹ̀rọ 125 ní 1988, ó gba ti 250 ní 1989, Honda ló sì gùn nínú méjèèjì. Kí ìdíje àgbáyé 1989 tó bẹ̀rẹ̀ ni ó ti sáré dé Amẹ́ríkà lọ wò ó, ó sì gba ìdíje ìta gbangba tí wọ́n ṣe ní Gainesville, ní ìpínlẹ̀ Florida. Ẹlòmíràn ìbá ti sọ pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, kí òun ṣáà kó ẹrù òun wá. Bayle padà sílé, ó parí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba adé rẹ̀, kó tó ṣí lọ pátápátá.

Ní 1990, ọdún àkọ́kọ́ tó lò tán níbẹ̀, kò gba adé kankan. Jeff Stanton, tí òun náà ń gun Honda, ló gba ti inú pápá ìṣeré, òun náà ló gba ti ẹ̀rọ 250 ní ìta gbangba. Jeff Ward ló gba ti ẹ̀rọ 500. Bayle wà láàárín wọn, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Nígbà tó di 1991, ó gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ wọn: ti inú pápá, ti 250 àti ti 500, lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ rí, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe é mọ́, nítorí pé lẹ́yìn ọdún 1993 ni wọ́n pa ìdíje ẹ̀rọ 500 yẹn tì. Àwọn èrò ìwòran kan tilẹ̀ ń hó lé e lórí nígbà náà nítorí pé àlejò ni. Ẹni tó bá ti tajà ní ìlú onílùú rí kò ní yà á lẹ́nu.

Ohun tó yẹ kí èèyàn bi ara rẹ̀ ni pé, kí ni Bayle yí padà, kí ni kò sì fọwọ́ kàn? Kò yí ìfarabalẹ̀ rẹ̀ padà. Bó ṣe ń gun alùpùpù, ńṣe ló dà bí ẹni tí kò sáré rárá. Kì í bá ẹ̀rọ jìjàkadì, kì í ju apá àti ẹsẹ̀ káàkiri, bẹ́ẹ̀ eré ń lọ. Ọ̀nà tí ẹni tó bá mọ̀ pé eré ṣì pọ̀ níwájú fi ń pa agbára mọ́ nìyẹn, láti Yúróòpù ló sì ti gbé e wá. Ohun tó fi kún un ni ìṣirò inú pápá: ibi tó yẹ kó ti ki eré mọ́lẹ̀, iye òkìtì tó lè fò, ẹni tó yẹ kó kọjá kí ìyípo kejì tó pé. Ìṣirò yẹn pàápàá kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ nígbà tó dé ọ̀hún. Ní Bercy, gbọ̀ngàn ńlá kan ní Paris, wọ́n ti ń ṣe irú eré náà láti àárín àwọn ọdún 1980, wọ́n sì máa ń pe àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wá. Bayle ti bá wọn sáré níbẹ̀. Ó ti tọ́ ọjà náà wò nílé, ní ìwọ̀nba tí àṣìṣe kò fi lè sọ ọ́ di onígbèsè, kó tó wọkọ̀ òfuurufú.

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Honda tí Bayle gùn ní Yúróòpù náà ló bá a dé Amẹ́ríkà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà wà níbí. Bí èèyàn bá pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo, tí nǹkan kò bá wá lọ déédéé, ó mọ ibi tí yóò wò. Bí Bayle bá ṣe àṣìṣe lórí ebè, ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ ló tan òun, ọ̀nà tí òun gbà gùn ún ni. Prado kò ní irú àǹfààní yẹn. Ó ti lọ sáré níwọ̀nba inú pápá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 lórí GasGas tó mọ̀, ṣùgbọ́n ọdún tó ṣí lọ gan-an ló bọ́ sórí Kawasaki tí kò gùn rí nídìíje. Ó fara pa ní èjìká ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sì sí ẹni tó máa fi ti ìyẹn dá a lẹ́bi. Síbẹ̀, nígbà tí ara rẹ̀ yá tán, ẹ̀rọ náà kò bá a lára mu. Ṣé ilẹ̀ ni, àbí ẹ̀rọ ni, àbí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀? Ẹni tó ra ààrò tuntun, tó yí ìyẹ̀fun padà, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó búrẹ́dì fún ilé ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ kan náà, tí wọ́n wá dá búrẹ́dì rẹ̀ padà, á mọ bí ìbéèrè náà ṣe ń dunni.

Òótọ́ ni pé irinṣẹ́ tó mọ́ni lọ́wọ́ nìkan kò tó. Ryan Villopoto gba adé inú pápá ní Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, láti 2011 sí 2014. Ní 2015, òun gba ọ̀nà kejì, ó lọ sí ìdíje àgbáyé, Kawasaki rẹ̀ sì bá a lọ. Ó gba ìdíje kejì tí wọ́n ṣe ní Táílándì, ẹnu yà wọ́n. Ní ìkẹrin, ní Arco di Trento ní ilẹ̀ Ítálì, ó ṣubú, ó fi egungun ìdí ṣèṣe, kò sì padà sáré mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì lọ́dún yẹn kan náà. Ọdún kan ṣoṣo ló yà sọ́tọ̀ fún ọjà tuntun, ó fẹ́ fi kásẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ ni. Bayle ní 1990 tó lè fi ṣòfò, Villopoto kò ní in. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ń ya owó ọjà sọ́tọ̀ tí wọn kì í ya owó ọdún ìkọ́ṣẹ́ sọ́tọ̀, ìyẹn owó tí wọ́n á máa jẹ nígbà tí àwọn oníbàárà tuntun kò tíì mọ ojú wọn.

Tom Vialle, ọmọ ilẹ̀ Faransé mìíràn, ní in. Ó gba adé àgbáyé lórí ẹ̀rọ kékeré ní 2020 àti 2022, lórí KTM. Orí KTM náà ló wà nígbà tó dé Amẹ́ríkà ní 2023. Kò gba adé ní 2023 yẹn, kò sì sẹ́ni tó lé e. Ní 2024 ó gba adé ẹ̀rọ 250 inú pápá ní apá ìlà oòrùn Amẹ́ríkà, ó tún un gbà ní 2025.

Fún ọdún 2026, Vialle tún palẹ̀ mọ́. Ó padà sí ìdíje àgbáyé, ó fi KTM sílẹ̀ bọ́ sórí Honda, ó sì kúrò lórí ẹ̀rọ 250 bọ́ sórí 450. Nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, lọ́wọ́ ẹni tó ti ń fara balẹ̀ pààrọ̀ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tó padà sí ni ilẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, ìyẹn nìkan ni ohun tó mọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.