Ẹni Tó Jìnnà Náà Ń Sanwó

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó wà ní Houston bi mí pé, “Àǹtí, igbá lẹ pè ni àbí ìgbà?” Igbá ni mo pè. Mo tiẹ̀ gbé igbá náà sókè síwájú kámẹ́rà kó lè rí i. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ju ariwo kan tó gé sí wẹ́wẹ́ lọ, àwòrán sì ti dúró sójú kan. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó yá, ọmọ náà ní òun ti gbọ́. Mo mọ̀ pé kò gbọ́. Ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni.

Igba, igbá, ìgbà, igbà: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí ìlà íntánẹ́ẹ̀tì bá jẹ ohùn, ó ti jẹ ọ̀rọ̀. Ọmọ mọ́kànlá ni mò ń kọ́ ní èdè wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ohun tó sì ń dí mi lọ́wọ́ jù lọ ni wáyà.

Abúlé kan ní Powys, ní àárín Wales, ni mò ń gbé. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú níbẹ̀. Nínú ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀ àfonífojì, ilé bíríkì kan wà tí gbogbo wáyà tẹlifóònù agbègbè wa ti pàdé. Exchange ni wọ́n ń pè é. Bí èèyàn bá fi rúlà fà á lórí máàpù, kìlómítà 4 ló jìn sí ilé mi. Ṣùgbọ́n wáyà kì í fo òkè. Ẹ̀gbẹ́ títì ló ń tọ̀, ó wọ inú oko, ó yí odò po, ó gun òpó. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà mi, ó ti rin nǹkan bíi kìlómítà 6. Ẹnjiníà tó wá wò ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ojú wáyà tó wà lára ògiri, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ilé mi. Ọ̀nà ló jìn. Mẹ́gábíìtì 1.8 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 0.4 ló ń jáde.

Wáyà bàbà ni. Nígbà tí wọ́n fà á, ohùn èèyàn ni wọ́n ní kó máa gbé, ohùn orí tẹlifóònù kò sì nílò ìgbì tó ga ju kílóháàtì 4 lọ. Irú ìgbì bẹ́ẹ̀ lè rìn jìnnà. Íntánẹ́ẹ̀tì tó ń gba orí wáyà kan náà lè lo ìgbì tó ga dé mẹ́gáháàtì 2.2, bí ìgbì bá sì ṣe ga tó ni agbára rẹ̀ ṣe ń tètè tán lójú ọ̀nà. Ẹ rò ó bí ẹni tó ń lu gángan níwájú ààfin. Ẹni tó dúró tì í gbọ́ oríkì tó ń fi ìlù pè. Ẹni tó wà lẹ́yìn odi ìlú ń gbọ́ ìlù, kò gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ilé rẹ̀ fara kan exchange fi lè rí 20 lórí irú wáyà tí èmi ti ń rí 1.8. Àwọn mìíràn wà tí fáíbà dé inú àpótí aláwọ̀ ewé ẹ̀bá títì wọn, tí bàbà sì ti inú àpótí wọlé. Ìyẹn lè tó 80, àmọ́ bí ilé bá jìnnà sí àpótí tó kìlómítà kan, ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tó ti sọnù. Àpótí ọ̀hún kò tilẹ̀ sí lọ́nà abúlé wa.

Síbẹ̀, iye tí mò ń san lóṣù kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ exchange. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Bí mo bá sanwó kóńgò gààrì mẹ́wàá, tí wọ́n wọn kóńgò kan fún mi, kò sí ìyálọ́jà tó máa là á mọ́lẹ̀ fún mi pé ọ̀nà ilé mi ló jìn.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni wọ́n fi ń bo èyí mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: “títí dé”. Títí dé mẹ́gábíìtì báyìí. Kí oṣù karùn-ún ọdún 2018 tó dé, bí oníbàárà 10 péré nínú 100 bá ń rí iye náà, iléeṣẹ́ lè fi polówó ọjà. Láti ìgbà náà, ó ti di dandan kó jẹ́ iye tí ìdajì àwọn oníbàárà, ó kéré tán, ń rí láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́. Ó sàn ju ti tẹ́lẹ̀. Ìdajì kejì ńkọ́? Inú wọn ni mo wà.

Láti oṣù kẹta ọdún 2020, òfin fún wa ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìlà tí 10 ń wọlé lórí rẹ̀, tí 1 ń jáde. Mo béèrè. Òfin kan náà ní bí iṣẹ́ náà bá máa ná wọn ju £3,400 lọ, ẹni tó béèrè ni yóò san iyókù. Iye tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí mi ju owó tí mo fi ra mọ́tò mi lọ. Fóònù alágbèéká náà kò ràn mí lọ́wọ́, nítorí òkè ló dúró láàárín ilé mi àti máàsì. Ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wáyà tẹlifóònù kankan kò wọ ilé rẹ̀ rí, ń lo íntánẹ́ẹ̀tì fóònù tó mọ́ gaara ju tèmi lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọjá ti kíláàsì Yorùbá. Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2027 ni wọ́n fẹ́ pa ètò tẹlifóònù àtijọ́ ní Britain. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìpè yóò máa gbà. Mò ń tọ́jú màmá kan tó ti lé ní 90 ọdún, tó máa ń so bọ́tìnnì kan mọ́ ọrùn. Bó bá ṣubú, á tẹ̀ ẹ́, ìpè á gba orí wáyà bàbà lọ. Láti exchange ni wáyà yẹn ti ń gba iná, nítorí náà bí ìjì bá mú iná abúlé lọ, fóònù rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ráútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ yìí, ní kí àwọn iléeṣẹ́ rí i pé irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣì lè pe ọkọ̀ aláìsàn fún wákàtí kan, ó kéré tán, lẹ́yìn tí iná bá lọ. Wákàtí kan kò tó. Nígbà òtútù tó kọjá, ọjọ́ kan àti ààbọ̀ ni a fi wà láìsí iná.

Fáíbà tó wọ inú ilé ni oògùn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú gíláàsì tín-ín-rín, kìlómítà 20 kò sì tó nǹkan fún un. Ṣùgbọ́n ibi tí ilé ti fara ti ilé, tí èrè ti yá, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbẹ́ ilẹ̀. Ẹni tó ti ní 80 ni wọ́n ń sáré fún ní 1,000. Ìjọba ya £5 bílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún irú ibi tí a wà yìí, mo sì dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ti ìparí wáyà bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ẹni tó jìnnà jù. Títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ wa, kí òfin sọ pé iye mẹ́gábíìtì tó wọlé ni kí a máa sanwó rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní àwọn abúlé Wales àti Scotland, mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ postcode ilé náà sí ojú òpó Ofcom. Ẹ bi onílé pé wáyà wo ló wọlé, àti pé báwo ni exchange ṣe jìnnà tó bí èèyàn bá tọ títì. Ẹ béèrè iye tó ń jáde pẹ̀lú èyí tó ń wọlé, nítorí ohun tó ń jáde ni àwọn ará ilé yín yóò fi máa rí yín. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó ilé.