Ẹ jẹ́ kí ọmọ ti inú “ju” dé “than”

Àwa tí à ń kọ́ ọmọ níwèé ní Ifangni níbí ní ọ̀rọ̀ kan láti bá ẹ̀yin òbí sọ.

Ẹ ní kí ọmọ cinquième fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé Èkó tóbi ju Kútọnu lọ. Ẹ ó gbọ́ “Lagos is more big that Cotonou.” Faransé ló wà nídìí ẹ̀: ó fi “more” rọ́pò “plus”, ó fi “that” rọ́pò “que”, ó parí. Èyí tó máa ń bá ìyá rẹ̀ ná ọjà Igolo, tó ń gbọ́ ẹnu àwọn ará Idiroko, á ní “Lagos big pass Cotonou.” Wọn ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní BEPC, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ yé e. “Pass” yẹn, “ju” wa ni.

Èrò tiwa ni pé kí á yéé gba ilé Faransé kọjá. Kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní Yorùbá: gàrí wọ́n ju àgbàdo lọ. Ibi tí “ju” wà gan-an ni “than” ń jókòó sí, “lọ” á sinmi: “Gari is more expensive than maize.” Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ló kù, torí Yorùbá kì í yí i padà. Faransé ń fi “plus” síwájú kúkúrú àti gígùn. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kúkúrú bíi “big” àti “tall”, ìparí rẹ̀ ló ń yí: “bigger”, “taller”. Gígùn ló ń gba “more”. “Good” tiẹ̀ pa orúkọ dà pátápátá, ó di “better”, bí “bon” ṣe ń di “meilleur”. (Níbẹ̀ yẹn, kí á má purọ́, Faransé ràn wá lọ́wọ́.) Ẹni tó bá ti ní “better” kò nílò “more” mọ́.

Ìwé tún ní “as white as snow.” Ta ló ti rí òjò dídì ní Ifangni? Àwa ní ó funfun bí òwú. “As white as cotton” kò ṣàjèjì sí elédè Gẹ̀ẹ́sì, òwú sì pọ̀ ní Benin yìí. Kí ọmọ sọ èyí tó mọ̀.

Àwọn kan á ní Yorùbá kò níṣẹ́ nínú kíláàsì. Àwọn àgbà wa rántí “signal”, tí wọ́n ń fi kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ èdè ilé nílé ìwé. Àwọn tó ń fi í kọ́ ọ ti lọ, ìbẹ̀rù rẹ̀ ló kù: òbí Yorùbá ń sọ Faransé sí ọmọ láàárọ̀, lálẹ́. Ọmọ tí kò bá gbọ́ “ju” nílé, kí la fẹ́ fi kọ́ ọ ní “than”?

Lálẹ́ òní, ẹ bi í pé nínú iṣu àti gbágùúdá, èwo ló wọ́n ju èkejì lọ. Kó dáhùn ní Yorùbá ná.