Ìyìn Tí Fíìmù Black Panther Gbà: Èwo Ni Ó Tọ́ Sí I?



Láti oṣù kejì ọdún 2018 tí fíìmù tí wọ́n ń pè ní Black Panther ti jáde ni ìyìn rẹ̀ ti gba ẹnu àwọn ọ̀dọ́ wa. Ọmọ Ìlọrin tí kò lè to orúkọ àwọn Ẹ́míà wa tẹ̀léra mọ orúkọ ọba Wakanda, ó mọ ti ìyá rẹ̀, ó sì mọ ti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Àwọn tí ó kàwé láàárín wọn a sì máa sọ fún wa pé kì í ṣe eré ọmọdé lásán, pé àwọn alámèyítọ́ ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù ti fi ọwọ́ sí i, àti pé òun ni ó sọ ìtàn àwa ènìyàn dúdú bí ó ti yẹ kí a sọ ọ́. Bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí jókòó ti fíìmù tàbí kò tọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ní àyè tirẹ̀, a kò sì ní fà á wọ inú èyí. Ìyìn náà ni a fẹ́ gbé lé orí òṣùwọ̀n.

Ìyìn náà kò kéré. Wọ́n dárúkọ fíìmù yìí fún ẹ̀bùn Oscar méje, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni ẹ̀bùn fíìmù tí ó dára jù lọ, ibi tí fíìmù kankan nípa akọni alágbára àrà kò tíì dé rí ṣáájú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2019, ó gba mẹ́ta nínú méjèèje. Owó tí ó pa káàkiri àgbáyé ju bílíọ̀nù 1.3 dọ́là lọ.

Ẹ̀tọ́ ni kí a kọ́kọ́ san fún oníṣẹ́. Ẹ̀bùn mẹ́ta tí ó gbà, iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi gbà wọ́n, a kò sì lè bá wọn jiyàn lórí ọ̀kankan. Ruth E. Carter gba ti aṣọ òṣèré, Hannah Beachler gba ti ìṣètò ibi ìṣeré. Kò sí ènìyàn dúdú tí ó tíì gba irú ẹ̀bùn méjèèjì yẹn ṣáájú wọn. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ wo fíìmù náà yóò rí kúbùsù àwọn ará Lesotho, yóò rí fìlà ńlá àwọn obìnrin Zulu lórí ìyá ọba, yóò rí osùn pupa àwọn Himba. Ìwé tí wọ́n ń kọ ní Wakanda, láti ara nsibidi tí ó wà ní apá Cross River ní orílẹ̀-èdè wa ni wọ́n ti mú un. Ludwig Göransson tí ó ṣe orin rẹ̀, ọmọ Sweden ni, ṣùgbọ́n kò jókòó sí ilé kí ó máa dọ́gbọ́n. Ó lọ sí Senegal, ó tẹ̀lé Baaba Maal káàkiri, ó sì fi ìlù tama, tí ó jẹ́ ọmọ ìyá gángan tiwa, ṣe ìlù oyè ọba náà. Massamba Diop ni ó lù ú. Fèrè Fúlàní ni ó fi ṣe orin Killmonger, ọ̀tá ọba, Amadou Ba sì ni ó fọn ọ́n. Ní ìlú tí ọmọ Yorùbá àti ọmọ Fúlàní jọ ń gbé láti ìgbà Ṣéù Àlímì, ìlù àti fèrè yìí kò ṣe àjèjì sí etí ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ-ogun obìnrin tí gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́ fún nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn obìnrin ogun Dàhòmì ni a wò ṣe wọ́n. (Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ apá kejì ìtàn wọn, kí ó bi àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n wá gbógun tì ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1851.)

Bí ìyìn bá dúró síbẹ̀, a kì bá tí kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Wọ́n ní ìtàn wa ni. Nígbà náà ni ó tọ́ kí a bèèrè ibi tí àwa wà nínú rẹ̀, nítorí pé orílẹ̀-èdè tí kò sí ní ayé ni Wakanda, ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Stan Lee àti Jack Kirby, ni ó sì ro akọni náà jáde ní ọdún 1966. Nàìjíríà ni ó wà ní tòótọ́, ó sì fara hàn nínú fíìmù náà.

Kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ tí a kọ ọ́ sójú àwòrán gbangba pé igbó Sàmbísà ní Nàìjíríà ni a wà. Òru ni. Àwọn ọkọ̀ ń tẹ̀léra wọn, agbébọn ni ó ń wà wọ́n, àwọn obìnrin tí a jí gbé sì kún inú wọn pẹ̀lú híjáàbù lórí. Nakia, ọmọbìnrin Wakanda tí ó jẹ́ amí, wà láàárín wọn, ó ti bo orí bíi tiwọn kí a má baà dá a mọ̀. Ọba T'Challa já lulẹ̀ láti òkè nínú aṣọ dúdú tí ọta ìbọn kì í wọ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó sì fi ṣẹ́gun gbogbo wọn.

Kí ni ọba wá ṣe? Kì í ṣe nítorí àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó ṣe wá. Nakia ni ó wá mú, àyànfẹ́ rẹ̀ àtijọ́, kí ó lè wà níbi ìfijoyè òun ní ọjọ́ kejì. Nakia gan-an bínú pé ó ba iṣẹ́ tí òun wá ṣe jẹ́. Ohun tí fíìmù sì fẹ́ kí ònwòran mú lọ sílé nínú ìran náà ni pé nígbà tí ojú ọba bá ti ọmọbìnrin yìí, ṣe ni ó dúró gbagidi bí ẹran igbó tí iná mọ́tò mọ́ sí lójú. Ọ̀gágun rẹ̀ obìnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo ilé sinimá sì rẹ́rìn-ín. Ní ti àwọn tí a jí gbé, wọ́n ní kí wọ́n mú ara wọn lọ sílé, kí wọ́n mú ọmọdékùnrin kan tí àwọn agbébọn ti fi ipá sọ di ara wọn dání, kí wọ́n má sì sọ ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà fún ẹnikẹ́ni. Ó parí. Kò sí orúkọ, kò sí ìlú, kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá wọ́n dé ilé. Ẹni tí ó bá mọ bí igbó Sàmbísà ti gbòòrò tó yóò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kí obìnrin tí ebi ti pa máa fi ẹsẹ̀ rìn jáde níbẹ̀ ní òru.

Àwọn tí ó fẹ́ràn fíìmù náà yóò dá wa lóhùn pé a yára dájọ́. Wọ́n yóò ní Nakia ni ó ń bá ọba wí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pé kò yẹ kí Wakanda fi ọrọ̀ rẹ̀ pamọ́ nígbà tí aládùúgbò ń jìyà, àti pé ọba gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu nígbẹ̀yìn. Òótọ́ ni, a sì yin fíìmù náà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìrànlọ́wọ́ náà kọ́kọ́ balẹ̀. Oakland ni, ní Amẹ́ríkà, ìlú tí wọ́n bí Ryan Coogler tí ó darí fíìmù náà sí. Níbẹ̀ ni ọba ti ra ilé láti fi ṣe ibùdó àánú, Nakia ni yóò sì máa bójú tó o. A kò bínú sí Coogler pé ó rántí ilé rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ Oakland pẹ̀lú ń jìyà. Ohun tí a ń sọ ni pé Sàmbísà ni fíìmù náà ti rí ìyà, ó kọjá lára rẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kejì ọdún 2018 ni fíìmù náà jáde fún gbogbo ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kan náà, ọjọ́ mẹ́ta péré sí i, àwọn agbébọn wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní Dapchi, ní ìpínlẹ̀ Yobe, wọ́n sì kó ọmọ 110 lọ. Ọmọ Mùsùlùmí ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n dá èyí tí ó pọ̀ jù padà ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, ọmọ márùn-ún ti kú. Leah Sharibu, ọmọ Kristẹni, ni wọ́n dá dúró nítorí pé ó kọ̀ láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ó jọ fífi ipá múni ṣe ẹ̀sìn nínú Ìsìláàmù. Ọdún mẹ́rin ṣáájú rẹ̀, ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ọmọ 276 ni wọ́n jí kó ní Chibok. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Yobe àti Borno jìnnà sí wa. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erúkù, ní ìpínlẹ̀ Kwara yìí kan náà, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọ igbó. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń fi ìran yìí ṣe àwàdà ìfẹ́, egbò tí kò tíì jinná ni a ń fi ọwọ́ tẹ̀.

Ohun kan wà tí ó kan àwọn ọmọbìnrin wa ju àwọn yòókù lọ. Nínú gbogbo fíìmù tí a ní ó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, ilẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, ibi tí híjáàbù ti hàn kedere ni orí àwọn tí a jí gbé. Nígbà tí Nakia fi ara rẹ̀ hàn ní olómìnira, ìbòrí kúrò lórí rẹ̀. Ọmọdé kì í nílò àlàyé láti ka irú èyí. Ní ọdún 2021, ọ̀rọ̀ híjáàbù dá wàhálà sílẹ̀ ní Ìlọrin yìí débi pé ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá pa kí ó tó fún àwọn ọmọ ní àyè láti máa lò ó. Àwọn ọmọ tí ó dúró lẹ́nu géètì nígbà náà kò sí lábẹ́ ìbọn ẹnikẹ́ni. Àwọn fúnra wọn ni ó fẹ́ ẹ. Irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ kò sí ní Wakanda, kò sì sí ní Nàìjíríà tí Wakanda rí.

Èyí kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn onífíìmù wọ̀nyí yóò ya ilé wa lò. Ní ọdún 2016, nínú Captain America: Civil War, wọ́n mú bọ́ǹbù wá sí Èkó, ìyẹn Èkó tí wọ́n kọ́ sí ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà. Ilé gbiná, ènìyàn kú. Nígbà tí wọ́n ń ka ìròyìn rẹ̀ nínú fíìmù náà, wọ́n ní ọmọ Wakanda 11 wà lára àwọn tí ó kú. Iye àwọn ará Èkó tí ó bá a lọ, ìròyìn náà kò kà á. Ọmọ ìlú tí kò sí ní iye, ọmọ ìlú tí ó wà kò ní!

Ìran inú ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní London ni àwọn alámèyítọ́ fẹ́ràn jù, ó sì yẹ kí a mẹ́nu bà á. Killmonger dúró níwájú àwọn ohun ìní wa tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó lọ, ó ń bi obìnrin tí ó ń ṣe alábòójútó léèrè orírun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè náà dára, a sì gbádùn rẹ̀. Nígbà tí ó kan ohun kan, obìnrin náà ní láti Benin ni, ti àwọn Fúlàní, ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje. Ọgọ́rùn-ún ọdún keje ni Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà. Ta ni ó rí Fúlàní ní Benin nígbà náà? Bóyá wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi àìmọ̀ sí obìnrin náà lẹ́nu ni, kí ó lè dójú ti ara rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ pàápàá, ẹ wo bí Killmonger ti tún un ṣe: ó ní láti Benin ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ti kó o, ṣùgbọ́n ti Wakanda ni. Ilẹ̀ tí kò sí ni ó jogún rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1897 ni wọ́n kó Benin. Ní oṣù kejì ọdún 1897 yẹn kan náà ni àwọn ọmọ-ogun ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company, lábẹ́ George Goldie, fi àgbá wọ Ìlọrin ní ìgbà Ẹ́míà Sulaiman. Ìtàn yẹn wà, ó ní ọjọ́, ó ní orúkọ, kò sì nílò irin àrà kan láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ẹnìkan lè ní eré ni eré ń jẹ́, kí a má fi ojú ọ̀ràn wò ó. Bí wọ́n bá ti pè é ní eré, àwa náà ìbá pè é bẹ́ẹ̀, à bá yin aláṣọ, kí a yin onílù, kí a sì lọ. Àwọn tí ó yìn ín ni ó ní ẹ̀rí ni, àwa sì ń wo ẹ̀rí náà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fíìmù nípa àwọn obìnrin inú igbó, ó wà. Ní ọdún 2020, ọmọ Nàìjíríà kan, Desmond Ovbiagele, ṣe The Milkmaid ní èdè Haúsá, Fúlàní àti Lárúbáwá. Aisha àti Zainab, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ọmọ Fúlàní tí ó ń ta wàrà, ni àwọn agbébọn ya ilé wọn. Àwọn olùbójútó fíìmù ní orílẹ̀-èdè yìí gé ju ogún ìṣẹ́jú lọ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rù pé yóò ba Ìsìláàmù lórúkọ jẹ́. A mọ ìdí ẹ̀rù náà, a kò sì sọ pé kò sí ohun tí Mùsùlùmí lè bá fíìmù náà jà sí. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀, ẹni tí ó ń jìyà ní orúkọ Mùsùlùmí, ó ní ẹbí, ó sì ń sọ èdè ara rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn fíìmù tí ó dára jù lọ ní AMAA, Nàìjíríà sì fi í ránṣẹ́ síbi Oscar, níbi tí kò ti dé àárín àwọn tí wọ́n ṣà. Nínú ìlú tí a ti ń ra wàrà lọ́wọ́ irú Aisha lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Aisha fúnra rẹ̀ ni ó wá àbúrò rẹ̀ lọ, tí ó sì tọ àwọn tí ó ṣe wọ́n ní ibi lọ. Kò sí ọba kankan tí ó já lulẹ̀ láti òkè fún un.