Ìwé bàbá, ìwé ọmọ: Frank Zappa sọ tiẹ̀, Moon náà tú tiẹ̀ síta!

Ìwé máa ń kun Frank Zappa lóorun ni, ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́dún 1989, olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà yìí gbé ìwé kan jáde nípa ara ẹ̀. Ó ní ìwé játijàti táwọn èèyàn ń kọ nípa òun ti pọ̀ jù, ó yẹ kí ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ gidi máa wà nínú ẹ̀. Kò mọ̀ pé ìwé tó máa tú àṣírí jù, inú ilé òun gan-an ló ti máa jáde.

Ta ni Zappa? Ẹni tó bá rí irun gígùn ẹ̀ àti irùngbọ̀n bíńtín tó dá sí abẹ́ ètè, á ní amugbó paraku ni. Irọ́ gbáà! Kọfí ló ń mu, sìgá ló ń fà, ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ tó bá sì gbé oògùn olóró dé ẹnu iṣẹ́, lílé ló máa ń lé e. Láti 1966 tí rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ àkọ́kọ́, Freak Out!, ti jáde, títí di ọjọ́ 4, oṣù Kejìlá, 1993, tí jẹjẹrẹ pa á lẹ́ni ọdún 52, rẹ́kọ́ọ̀dù tó ṣe lé ní 60.

Ìwé tiẹ̀ yẹn, tí Peter Occhiogrosso bá a kọ, dùn bí ọ̀rọ̀ abẹ́ igi. Ibẹ̀ ló ti sọ bí ọlọ́pàá kan ṣe díbọ́n bí oníbàárà ní Cucamonga, Kalifóníà, lọ́dún 1965, tó fi 100 dọ́là lọ̀ ọ́ pé kó bá òun gba ohùn ìbálòpọ̀ sínú téèpù. Òun àti ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ kan kàn fẹnu ṣe é ni, wọn kò fara kan ara wọn. Ẹ̀wọ̀n ọjọ́ 10 ló bá a dé! Abájọ tó fi jẹ́ pé nígbà táwọn ìyàwó olóṣèlú ní kí wọ́n máa lẹ àmì mọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù onísọkúsọ, òun ló lọ kò wọ́n lójú níwájú àwọn sẹ́nétọ̀ ní Washington, lóṣù Kẹsàn-án, 1985.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ẹ̀ ló tún wá pani lẹ́rìn-ín jù. Lọ́dún 1967, òun àti Gail lọ fẹ́ra wọn ní ọ́fíìsì ìjọba ní New York. Oyún ìyàwó ti tó bí, bẹ́ẹ̀ ọkọ kò ra òrùka. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń ta bírò ní 10 sẹ́ǹtì. Zappa sọwó sí i, ó yọ bírò kan, ó fi kọ́ ìyàwó láyà. Ó parí.

Àwọn ará ìta náà kọ tiwọn. Ti Ben Watson, tó jáde lọ́dún 1994, lé ní ojú ewé 500, ó sì le bí òkúta. Ẹni tí kò bá mọ̀wé Karl Marx á kàn fi í rọrí ni. Ti Pauline Butcher sàn jù ú lọ. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti rán an lọ bá Zappa taípù ọ̀rọ̀ orin lọ́dún 1967, ló bá di akọ̀wé ẹ̀ ní Los Angeles. Ìwé ẹ̀ jáde lọ́dún 2011.

Àmọ́ nígbà tó di 2024, Moon, àkọ́bí Zappa, la ẹnu tiẹ̀. Bàbá tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀gá, ó ní àwọn ọmọ ẹ̀ kì í rí i. Tí kò bá sí lẹ́yìn odi, á wà ní sítúdíò, tílẹ̀kùn á sì wà ní títì. Obìnrin ìta náà kò gbẹ́yìn. Ọmọ ọdún 13 ni Moon nígbà tó kọ bébà pélébé, tó tì í bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, tó sọ orúkọ ara ẹ̀ fún bàbá tó bí i lọ́mọ, tó ní òun fẹ́ bá a ṣiṣẹ́. Ṣé irú ẹ̀ ṣe é gbọ́? Bó ṣe di pé bàbá jí i lóru nìyẹn, tí wọ́n gba ohùn ẹ̀ sínú "Valley Girl". Lọ́dún 1982, orin náà dé ipò 32 ní Amẹ́ríkà. Kò sí orin Zappa mìíràn tó gòkè tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jà sí ogún rí, ẹ gbọ́ èyí. Gail kú lọ́dún 2015. Ìgbà tó kú tán ni Moon tó mọ̀ pé ìyá ti pín àwọn mẹ́rin sọ́nà méjì: Ahmet àti Diva, àwọn àbúrò, gba ìdá 30 nínú 100 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, agbára sì wà lọ́wọ́ wọn, Moon àti Dweezil, àwọn ẹ̀gbọ́n, gba 20, 20. Lọ́dún 2016, ìjà dé ìgboro: Dweezil tó ń kọrin bàbá ẹ̀ kiri kò lè lo orúkọ "Zappa Plays Zappa" mọ́. Orúkọ bàbá ẹ̀ o! Iléeṣẹ́ Universal ló padà ra gbogbo dúkìá orin náà lọ́dún 2022.

Ẹni tó bá fẹ́ kà wọ́n, kó kọ́kọ́ mú ti bàbá, kó rẹ́rìn-ín dáadáa. Tó bá dé ibi ọ̀rọ̀ bírò yẹn, kó ká ojú ewé náà létí, kó tó ṣí ti ọmọ. Moon ni oyún tó wà nínú ìyàwó lọ́jọ́ náà.