Ọlọ́run tó ń gbé inú wa kì í ṣe àlejò

1/ Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jókòó díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí ti wà lọ́kàn mi látìgbà tí ìyá àgbà mi ti ṣubú lẹ́yìnkùlé wa ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Ó gùn díẹ̀, màá tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi lè fèsì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kà á dé ìparí ná.

2/ Egungun ìbàdí màmá ló kán. Láti ọjọ́ náà, wọn ò lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Obìnrin tó jẹ́ pé kí agogo àkọ́kọ́ tó dún, wọ́n á ti wé gèlè tán! Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, agogo dún, mo rí i tí wọ́n ń sunkún. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilé Ọlọ́run ti jìnnà sí mi báyìí. Ṣé Ó ṣì ń rántí mi?"

3/ Èmi tí mo kàwé gboyè, tí mò ń ṣe fídíò fún gbogbo ayé wò, ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Mo ṣí Bíbélì sí Kọ́ríńtì Kìíní, orí kẹfà, ẹsẹ 19, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ fún àwọn onígbàgbọ́ pé ara wọn ni tẹ́ḿpìlì Ẹ̀mí Mímọ́. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n wo ike tí a fi ń gba ìtọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ní, "Ara tí kò lè dá ìtọ̀ dúró yìí náà?"

4/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ẹnu sọ pé Ọlọ́run ń gbé inú wa. Ṣùgbọ́n lọ́kàn wa lọ́hùn-ún, a gbà pé ibòmíì ló ń gbé: orí òkè àdúrà, ìdí pẹpẹ, ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó "lágbára" jù wá lọ. Àwa kàn ń lọ kí I níbẹ̀ ni, ká tó padà sílé.

5/ Ẹ jẹ́ n mú yín dé ojú ọ̀nà wa. Ẹni tó bá ti wọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ rí á mọ̀ pé Ìpetu ò jìnnà sí Ìkéjì-Arákejì. Ní agbègbè yẹn, lóṣù kẹwàá ọdún 1928, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 24 kan tó ń jẹ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń wa rólà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ títì, fún iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ọ̀nà. Ìtàn tí ìjọ CAC ń sọ ni pé ọkọ̀ náà dédé kú, wọn ò rí ohun tó ṣe é. Ló bá gbọ́ ohùn tó pe orúkọ rẹ̀, tó ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó lọ wàásù.

6/ Lónìí, ibẹ̀ ti di ibi àdúrà. Yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006, wà ní Ìkéjì-Arákejì náà. Èrò ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Mi ò bá wọn jà o, èmi náà ti lọ rí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ẹnu iṣẹ́ ni Babalọlá wà. Kò sí pẹpẹ níbẹ̀, kò sí òkè àdúrà. Nígbà tí ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, Iléṣà, lóṣù keje ọdún 1930, ojú ọ̀nà yẹn ò bá a lọ. Lọ́dún 1932, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ní Benin. Ojú ọ̀nà yẹn ò bá a débẹ̀ náà. Ẹni tó pè é ló bá a lọ, torí inú rẹ̀ ló wà.

7/ Àwa Ìjẹ̀ṣà mọ òṣómàáló. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n á padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, wọn ò ní í jókòó, wọn ò ní í lọ, àfi kó sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lọ bá Ọlọ́run. Nígbà tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí iṣẹ́ ò sí, èmi náà lóṣòó. Ẹnì kan ní kí n mú owó wá kí àdúrà mi lè gòkè. Mo yáwó fún un! Kí ló dé? Torí mi ò gbà pé Ẹni tí mò ń wá ti wà nílé.

8/ Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní, "Ṣebí Jésù náà gun òkè lọ gbàdúrà?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé Hébérù náà sì ní ká má kọ ìpéjọpọ̀ sílẹ̀. Ẹ gun òkè tí ẹ bá ń wá ibi tó dákẹ́. Ẹ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, torí ẹnì kan ò lè dá jẹ́ ìjọ. Ṣùgbọ́n Jésù yìí kan náà ló sọ fún obìnrin ará Samáríà pé àkókò ń bọ̀ tí kò ní jẹ́ orí òkè kan tàbí Jerúsálẹ́mù ni wọ́n á ti máa sin Baba. Ẹ má ṣáà lọ bí ẹni tí Ọlọ́run sọ nù mọ́ lọ́wọ́, tó wá ń wá A kiri.

9/ Ó kù síbì kan o, ibẹ̀ ni kò rọrùn. Nínú Éfésù orí kẹta, Pọ́ọ̀lù tó wà lẹ́wọ̀n gbàdúrà pé kí Kristi máa gbé inú ọkàn wọn. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó lò níbẹ̀, ti ẹni tó tẹ̀dó ni, kì í ṣe ti ẹni tó yà kíni. Àlejò, pálọ̀ la ń gbà á sí. A ó gbálẹ̀ níbẹ̀, a ó kó gbogbo ìdọ̀tí sí yàrá, a ó sì tì í pa. Ẹni tó ń gbé inú ilé ńkọ́? Òun ló mọ ibi tí òrùlé ti ń jò.

10/ Màmá ló kọ́kọ́ rí èyí, kì í ṣe èmi. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí mo ka Bíbélì fún wọn, wọ́n ní kí n lọ pe ìyá kan wá ládùúgbò. Ó ti pé ọdún mélòó kan tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, torí ààlà oko kòkó. Mo ní, "Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀?" Wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ pé inú mi níbí ló wà lóòótọ́, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí mò ń rò sí obìnrin yẹn ni Ó ń gbọ́. Ojú ń tì mí." Ìyá náà wá ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n bọ́ síta. Nígbà tí mo padà wọlé, àwọn méjèèjì ti jọ ń jẹ ẹ̀pà.

11/ Ló bá kan èmi náà. Mo ti gba 25,000 náírà lọ́wọ́ oníṣòwò kan, mo ṣe fídíò pé ọṣẹ rẹ̀ ló mú ojú mi dán. Mi ò fi ọṣẹ yẹn wẹ̀ rí láyé mi! Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo jó dé iwájú pẹpẹ. Àṣé Ẹni tí mò ń jó fún wà pẹ̀lú mi níbi tí mo ti ń ya fídíò. Mo ti pa fídíò náà rẹ́, mo sì ti sọ òótọ́ fún àwọn tó ń wò mí. Owó yẹn, mo ti ná an, ṣùgbọ́n mò ń san án padà díẹ̀díẹ̀.

12/ Ohun tí mo gbàgbọ́ rèé: kì í ṣe bí a ṣe ń gbọ̀n nígbà àdúrà la fi ń mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbé inú wa. Ohun tí a kò lè ṣe mọ́ nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò wá la fi ń mọ̀. Òun kan náà ló sì jẹ́ ìtùnú fún ẹni tí kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.

13/ Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, agogo tún dún. Mo bi màmá pé ṣé kí n tan rédíò fún wọn kí wọ́n lè gbọ́ ìsìn. Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ ná, àwọn ń bá Ẹni tó wà nílé sọ̀rọ̀ lọ́wọ́.

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi o. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ rò?